Ọwọ́ ti balẹ̀, ohùn ò tíì dé: dírọ́ọ̀mù oníná, géèmù orin àti wàhálà lag

Ọmọkùnrin tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ń lu dírọ́ọ̀mù ní ṣọ́ọ̀ṣì kan n'Ìbàdàn. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lòun àtàwọn òbí ẹ̀ ń gbé, lándílọ́ọ̀dù wà nísàlẹ̀, ìyá àgbà kan wà ní yàrá ẹ̀gbẹ́, ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò sí béèyàn ṣe fẹ́ máa lu dírọ́ọ̀mù gidi nírú ilé bẹ́ẹ̀ tí ìjà ò ní ṣẹlẹ̀. Ló bá tọ́jú owó, ó ra dírọ́ọ̀mù oníná tòkunbọ̀ kan, èyí tí ojú páàdì ẹ̀ jẹ́ néètì, tó bá lù ú ariwo ẹ̀ ò ju kí igi máa kan tìmùtìmù lọ, inú hẹ́ẹ̀dùfóònù ni gbogbo ohùn ń lọ. Module ẹ̀, ìyẹn àpótí kékeré tí wáyà gbogbo páàdì ń já sí, ní ihò USB, ó ní ihò hẹ́ẹ̀dùfóònù, ó sì ní ihò kékeré kan tí wọ́n kọ MIX IN sí lára. Látọjọ́ tó ti rà á, kò fi nǹkan kan sínú ihò kẹta yẹn rí.

Géèmù tó fẹ́ máa fi kọ́ṣẹ́ ni Clone Hero. Ọ̀fẹ́ ni, orí kọ̀ǹpútà ló ń ṣiṣẹ́, àwọn àmì aláwọ̀ oríṣiríṣi á máa ṣàn bọ̀ lójú skrini, àmì kan fún snare, ìyẹn ìlù tó wà láàárín ẹsẹ̀ onílù, òmíràn fún kick, ìyẹn ìlù ńlá tí wọ́n ń fẹsẹ̀ lù, òmíràn fún hi-hat, ìyẹn àwo irin méjì tí wọ́n ń fẹsẹ̀ pa dé tí wọ́n sì ń fẹsẹ̀ ṣí, tí àmì bá ti dé orí ìlà ìsàlẹ̀ ni wàá lù ú. Irú géèmù bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tuntun, ọdún 2007 ni Rock Band jáde pẹ̀lú dírọ́ọ̀mù oníke ẹ̀, nígbà tí Rock Band 3 sì dé lọ́dún 2010 wọ́n ṣe àpótí kékeré kan tó ń jẹ́ kéèyàn fi wáyà MIDI so dírọ́ọ̀mù oníná gidi mọ́ ọn, MIDI ni èdè tí àwọn ohun èlò orin oníná fi ń bá ara wọn àti kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Wọn ò ṣe àpótí yẹn mọ́, èyí tó bá sì kù lọ́jà wọ́n gan-an. Lórí kọ̀ǹpútà èèyàn ò nílò ẹ̀ rárá, wáyà USB lásán ti tó, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ onílù fi sá lọ síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé ìlù kan ṣoṣo láti ọwọ́ ọmọ yìí títí dé etí ẹ̀, bó ṣe to nǹkan ẹ̀ nígbà tí mo débẹ̀. Ó lu snare. Páàdì sọ fún module. Module gba inú USB sọ fún laptop. Laptop sọ fún géèmù, ó tún sọ fún software kan tó ń gbé ohùn dírọ́ọ̀mù jáde, torí ọmọ náà ní ohùn inú module ń dún bí agolo, ti software yẹn ló dà bíi ti sítúdíò. Software gbé ohùn jáde, ohùn gba inú wáyà HDMI lọ sínú tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú àwòrán géèmù, tẹlifíṣọ̀n wá fi Bluetooth ta á sínú hẹ́ẹ̀dùfóònù tó wà lórí ẹ̀. Ẹ wo gbogbo ilé tí ohùn kan ṣoṣo wọ̀ kó tó padà dé ọ̀dọ̀ ẹni tó lù ú.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ń lù ú lásìkò o, ohùn ẹ̀ ló ń bọ̀ lẹ́yìn mi, géèmù náà á tún máa sọ pé mo ti ṣì í." Bó ṣe kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi nìyẹn. Èmi ni mò ń bá wọn wo sáúǹdì ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ eré lásán ni, àfi ìgbà tí olórí àkọrin bẹ̀rẹ̀ sí í ké pé ọmọ yìí ti ń sáré. Òótọ́ ni, ó ń sáré. Ẹ̀sẹ̀ orin á bẹ̀rẹ̀ dáadáa, tó bá fi máa dé ègbè, kick ẹ̀ ti ń ṣíwájú gìtá, àwọn àkọrin á máa lé e bí ẹni ń lé mọ́tò. Ọmọ tí àwa mọ̀ pé àkókò ẹ̀ dúró ṣinṣin tẹ́lẹ̀ ni o. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ò ju pé ọwọ́ ẹ̀ ti kọ́ ìwà nílé: torí pé ohùn ń pẹ́, ọwọ́ ń ṣíwájú kí ohùn lè bọ́ sásìkò, tó bá wá dé ìdí dírọ́ọ̀mù gidi tí ohùn ẹ̀ kì í pẹ́, ọwọ́ yẹn ò mọ̀ pé ó yẹ kóun dúró. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé a gbọ́dọ̀ wá nǹkan ṣe sí i, torí onílù tí àkókò ẹ̀ bá bàjẹ́, iṣẹ́ ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán nìyẹn.

Kí n tó dé, ó ti wọ settings géèmù, ó ti rí ibi tí wọ́n ń pè ní calibration, ó ti ń yí nọ́ńbà ibẹ̀ sókè sódò. Gbogbo ẹni tó bá ní lag, ìyẹn kí ohùn tàbí àwòrán máa pẹ́ kó tó dé, ibẹ̀ ló ń kọ́kọ́ lọ, mi ò sì bá a wí. Ohun tó rú u lójú ni pé ó ṣiṣẹ́, kò sì ṣiṣẹ́. Máàkì ẹ̀ lọ sókè, géèmù ò pe gbogbo ìlù ẹ̀ ní àṣìṣe mọ́, àmọ́ létí ẹ̀ kò sóhun tó yí padà, ohùn snare ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn ọwọ́. Ó bá tún fi kún nọ́ńbà. Máàkì bá já wálẹ̀. Ó yọ díẹ̀ kúrò, máàkì gòkè, etí ò gbádùn. Ó wà lẹ́nu ìyẹn títí tó fi sú u.

Ibí yìí ni mo fẹ́ ká dúró díẹ̀ sí, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ pé lag méjì ló wà, ọ̀tọ̀ ni èkíní, ọ̀tọ̀ ni ìkejì. Èyí àkọ́kọ́ ni pípẹ́ orin àti àwòrán. Géèmù ti ní gbogbo orin náà lọ́wọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, ó mọ̀ pé snare kan ń bọ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan àti sẹ́kọ́ǹdì mẹ́ta, tẹ́ ẹ bá ti sọ fún un pé tẹlifíṣọ̀n yín máa ń pẹ́, á yáa ya àmì yẹn ṣáájú, á sì dúró dè yín díẹ̀ kó tó dá ẹjọ́ ìlù yín. Ohun tí calibration ń ṣe nìyẹn, ó sì ń ṣe é dáadáa. Ìkejì ni pípẹ́ ohùn ìlù tí ìwọ fúnra ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ lù. Ìyẹn, kò sí géèmù tó lè mọ̀ ọ́n ṣáájú. Ọwọ́ ẹ ò tíì balẹ̀, ta ló fẹ́ sọ fún un pé ó ń bọ̀? Kò lè gbé ohùn tí ò tíì sí jáde. Nítorí náà kò sí nọ́ńbà kankan nínú settings tó lè tún ìkejì ṣe, ẹ lè yí i títí ilẹ̀ á fi mọ́. Àfi kẹ́ ẹ gé ọ̀nà tí ohùn yẹn ń gbà kúrú.

Mo ṣàlàyé ẹ̀ fún un báyìí, ó mirí, àmọ́ mo rí i pé kò dá a lójú, ó ṣì ń rò pé dírọ́ọ̀mù tòkunbọ̀ ẹ̀ ló bàjẹ́, pé wọ́n lù ú ní jìbìtì lọ́jà. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ sì ti sọ fún un pé MIDI ló ń falẹ̀. MIDI ò falẹ̀. Láti ọdún 1983 tí wọ́n ti gbé e jáde, wáyà oníhò márùn-ún àtijọ́ yẹn pàápàá ń gbé bit 31,250 ní sẹ́kọ́ǹdì kan, ìlù kan ṣoṣo ò sì gbà tó mílísẹ́kọ́ǹdì kan nínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá pín sẹ́kọ́ǹdì kan sọ́nà ẹgbẹ̀rún, ìdá kan nínú ẹ̀ ni mílísẹ́kọ́ǹdì.

Dípò àríyànjiyàn, a wọ̀n ọ́n. Ẹ wo bá a ṣe ṣe é, torí kò ná wa ní kọ́bọ̀. Mo gbé fóònù mi sórí snare lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí igi máa bà, mo tan ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ nínú ẹ̀, mo bọ́ hẹ́ẹ̀dùfóònù lórí ẹ̀, mo gbé ojú kan ẹ̀ lé ibi gbohùngbohùn fóònù. Mo ní kó lu snare lẹ́ẹ̀kan, kó dúró, kó tún lù ú, kó dúró. Fóònù á gbọ́ "kọ́" tí igi kan páàdì, á tún gbọ́ ohùn snare tó jáde nínú hẹ́ẹ̀dùfóònù. A gbé fáìlì yẹn sínú Audacity, software ọ̀fẹ́ tó ń ya ohùn bí àwòrán, lórí laptop, a fà á tóbi títí tó fi hàn kedere: òkè kékeré ṣóńṣó kan, lẹ́yìn ẹ̀ ilẹ̀ tẹ́jú lọ rẹrẹ, lẹ́yìn náà òkè ńlá kan. Mo fi mouse fa ìlà láti òkè kìíní dé ìkejì, nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ fi ń lọ bíi 0.31 sẹ́kọ́ǹdì. Ó lé ní mílísẹ́kọ́ǹdì 300!

Ẹ jẹ́ ká rò ó wò. Nínú afẹ́fẹ́, ohùn ń rin nǹkan bíi mítà 343 ní sẹ́kọ́ǹdì kan. Tí ohùn ìlù ẹ bá wá ń pẹ́ tó mílísẹ́kọ́ǹdì 300 kó tó dé etí ẹ, bí ìgbà tó o jókòó sí ojúulé kan lórí pápá bọ́ọ̀lù ni, tí snare ẹ wà ní ojúulé kejì. Ta ló fẹ́ lu dírọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ tí àkókò ẹ̀ ò ní dàrú? Onílù tí etí ẹ̀ jí máa ń fura sí mílísẹ́kọ́ǹdì mẹ́wàá péré, á kàn ní nǹkan kan ń wúwo lọ́wọ́ òun. Ẹni tó bá sì ti dúró sáàárín àwọn onídùndún rí mọ̀ bí ìyá ìlù ṣe máa ń yíjú padà wo omele tó bá fà sẹ́yìn díẹ̀ bíńtín. Nígbà tí ọmọ náà fojú ara ẹ̀ rí ilẹ̀ títẹ́jú yẹn láàárín òkè méjèèjì, kò sọ̀rọ̀ jìbìtì mọ́. Látìgbà yẹn lọ, òun fúnra ẹ̀ ló ń wọn gbogbo nǹkan tá a bá yí.

Bluetooth la kọ́kọ́ yọ. Hẹ́ẹ̀dùfóònù Bluetooth máa ń ká ohùn pọ̀, á ta á, á tún tú u, á tún tọ́jú díẹ̀ sílẹ̀ kí ohùn má baà já, lórí ọ̀pọ̀ hẹ́ẹ̀dùfóònù ìyẹn nìkan lè gba mílísẹ́kọ́ǹdì 150 sí 250. Fún ẹni tó ń gbọ́ orin, kò ní wàhálà. Fún ẹni tó ń lùlù, kò ṣeé lò, kódà kó jẹ́ olówó ńlá. A fi hẹ́ẹ̀dùfóònù oníwáyà sí ìdí tẹlifíṣọ̀n, ó já sí bíi 140. A wọ inú tẹlifíṣọ̀n, a tan Game Mode, torí tẹlifíṣọ̀n òde òní máa ń jókòó ṣe àwòrán lọ́ṣọ̀ọ́ kó tó gbé e jáde, á sì mú ohùn dúró kó lè bá àwòrán jáde pọ̀, Game Mode ló ń sọ fún un pé kó yé ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Ó já sí bíi 90. A wá yọ tẹlifíṣọ̀n kúrò lọ́nà ohùn pátápátá, a ki hẹ́ẹ̀dùfóònù bọ ara laptop, tẹlifíṣọ̀n ń gbé àwòrán nìkan. Ó kù bíi 60.

Inú ọmọ náà ti dùn, ó ní ó ti dáa báyìí. Kò tíì dáa, 60 ṣì ń ba àkókò jẹ́, ó kàn jẹ́ pé kò pariwo bíi ti 300 ni. Mo wá rí i pé nínú software dírọ́ọ̀mù yẹn, ó ti gbé buffer lọ sí 1024. Buffer ni iye ohùn tí kọ̀ǹpútà ń kó jọ kó tó tú u jáde lẹ́ẹ̀kan náà, bó bá ṣe pọ̀ tó ni pípẹ́ ṣe pọ̀ tó: 1024 ní 48,000 Hz, ìyẹn ẹyọ ohùn 48,000 ní sẹ́kọ́ǹdì kan, jẹ́ mílísẹ́kọ́ǹdì 21 àti díẹ̀, 256 jẹ́ márùn-ún àti díẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tó gbé e ga tó bẹ́ẹ̀. Ó ní tí wọ́n bá ti mú iná lọ, ohùn á bẹ̀rẹ̀ sí í já, á máa ta pàrà-pàrà létí òun, ìgbà tóun gbé e dé 1024 ló tó dákẹ́. Ọ̀rọ̀ wá yé mi. Bí iná bá lọ, laptop á bọ́ sórí bátìrì, Windows á dín agbára ẹ̀ kù kí bátìrì lè pẹ́, kọ̀ǹpútà ò wá lè tètè ṣe ohùn tán kí àsìkò ẹ̀ tó pé. Ó ti fi lag ra ìdákẹ́jẹ́ láìmọ̀, ọ̀pọ̀ wa ní Nàìjíríà ló sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. A lọ sínú settings iná laptop, a ní kó má dín agbára kù lórí bátìrì, a pa Wi-Fi tá ò lò, a gbé buffer wálẹ̀ sí 256. Ó kù bíi 40, kò sì ta pàrà-pàrà.

Windows ló kù tó ń fà wá sẹ́yìn báyìí. Ó máa ń kó ohùn gbogbo app jọ, á pò wọ́n pọ̀, á tó wá gbé e jáde, ìpòpọ̀ yẹn ń gba àkókò. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ sítúdíò ti mọ ọ̀nà tí wọ́n fi ń yẹra fún un, òun ni ASIO tí ilé iṣẹ́ Steinberg ní Jámánì ṣe. Káàdì ohùn inú laptop ò ní ASIO tiẹ̀, a bá gba ASIO4ALL tó jẹ́ ọ̀fẹ́. A gbé software sórí ẹ̀, a wọ̀n ọ́n, ó já sí bíi 15! Ọmọ náà lu fill kan, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ mi ti padà." Ó ṣí géèmù. Àwòrán ń lọ, kò sí ohùn orin kankan. Ó pa software, orin dé. Ó ṣí software, orin kú.

Kò sí ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀, bí ASIO4ALL ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, ó máa ń gba káàdì ohùn mọ́ra fún app kan ṣoṣo, géèmù ò wá ríbi gbé ohùn tiẹ̀ gbà mọ́. A lè ra káàdì ohùn ìta, owó ò sí. Mo jókòó, mo ń wo module yẹn. Gbogbo àtìgbà tá a ti ń ja ìjà yìí, ohun tá à ń wá ni bí kọ̀ǹpútà ṣe máa yára gbé ohùn ìlù jáde, bẹ́ẹ̀ àpótí kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa tó jẹ́ pé ìdí tí wọ́n fi ṣe é ò ju ìyẹn lọ, ó sì ń ṣe é ní mílísẹ́kọ́ǹdì díẹ̀ péré. Kí ni kọ̀ǹpútà tiẹ̀ ń wá nínú ọ̀rọ̀ ohùn ìlù?

Bá a ṣe yí gbogbo ẹ̀ padà nìyẹn. Hẹ́ẹ̀dùfóònù oníwáyà lọ sínú module. Wáyà kékeré onírin méjì, irú èyí tí wọ́n fi ń so fóònù mọ́ rédíò mọ́tò, jáde láti ihò hẹ́ẹ̀dùfóònù laptop, ó wọ MIX IN. USB ń gbé MIDI lọ fún géèmù, kò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. A pa software dírọ́ọ̀mù. Ohùn ìlù ẹ̀ ń ti module yẹn bọ́ sí etí ẹ̀ tààrà láìwọ kọ̀ǹpútà rárá, ohùn orin ń ti laptop wọlé bá a, inú hẹ́ẹ̀dùfóònù ni wọ́n ti ń pàdé. A wọ̀n ọ́n, kò tó mẹ́wàá.

Ó kọ́kọ́ bínú sí ohùn module, ó ní agolo nìyẹn. Mo bẹ̀ ẹ́ kó fún mi láyè díẹ̀. Ẹni tó ta á ti fi í sórí kit, ìyẹn àkójọ ohùn ìlù, àkọ́kọ́ tó wà nínú ẹ̀, a yẹ̀ ẹ́ wò, a rí kit kan tí kick ẹ̀ jinlẹ̀, a fa ohùn snare wálẹ̀ díẹ̀, a dín room, ìyẹn ohùn yàrá tó ń tẹ̀ lé ìlù, kù. Ó gbà. Mi ò ní sọ pé ó dà bíi ti sítúdíò, àmọ́ ohùn tó dáa díẹ̀ tó sì dé lásìkò sàn fún ọwọ́ onílù ju ohùn àrà ọ̀tọ̀ tó pẹ́ lọ, mo sì máa sọ bẹ́ẹ̀ níwájú ẹnikẹ́ni.

Bá a ṣe ní ká bẹ̀rẹ̀ eré ni iná dé, ó fi ṣájà sídìí laptop, hẹ́ẹ̀dùfóònù bá gbà á lẹ́nu, "ùùùùù". Ó yọ ṣájà, ó dákẹ́. Ó fi padà, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń ṣe sáúǹdì ti mọ̀ ọ́n: laptop àti module ti so pọ̀ lọ́nà méjì, nípa USB àti nípa wáyà ohùn, ariwo iná láti ara ṣájà wá rí ọ̀nà yípo gbà. Ohun kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní ground loop isolator, àwọn tó ń ṣe rédíò mọ́tò máa ń tà á, kò sì wọ́n. A fi sáàárín wáyà tó ń lọ sí MIX IN, ariwo náà lọ. Ó mú díẹ̀ lára báàsì orin lọ, díẹ̀ ni.

Nígbà tó wá gbá géèmù, géèmù ní gbogbo ìlù ẹ̀ ló ṣàṣìṣe. Ojú ẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Àmọ́ èyí ò yẹ kó yà wá lẹ́nu, àwọn nọ́ńbà calibration tó wà níbẹ̀ jẹ́ ti Bluetooth àti tẹlifíṣọ̀n tá a ti yọ, géèmù ṣì ń dúró de ohùn tí kì í pẹ́ mọ́. A dá gbogbo ẹ̀ padà sí òdo, a bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀: ti ohùn ṣáájú, ti àwòrán tẹ̀ lé e. Mo ní kó pa ohùn module kó tó ṣe ti ohùn, kó máa fetí sí ohun tí géèmù ń dún nìkan. Ẹni tó bá ń gbọ́ ohùn ìlù ara ẹ̀ tó ń pẹ́ nígbà tó ń ṣe calibration, ọwọ́ ẹ̀ á máa sún síwá sẹ́yìn, nọ́ńbà tó bá sì rí níbẹ̀, irọ́ ni. Ìdí gan-an nìyẹn tí àwọn nọ́ńbà tó ń rí tẹ́lẹ̀ fi ń yàtọ̀ síra ní gbogbo ìgbà tó bá tún un ṣe. Báyìí ó ṣe é, ó tún un ṣe, nọ́ńbà kan náà ló ń jáde, ó sì kéré.

Àṣìṣe tó kù wá ń wá láti ibì kan ṣoṣo, hi-hat, kì í sì í ṣe ní gbogbo ìgbà. Ó ní lag náà ti sá pamọ́ síbẹ̀. Mo ní kó tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lù ú, géèmù rí i. Mo ní kó gbé ẹsẹ̀ sókè kó lù ú, géèmù ò rí nǹkan kan. Kì í ṣe lag rárá. Hi-hat tó pa dé máa ń fi nọ́ńbà 42 ránṣẹ́ nínú MIDI, èyí tó ṣí sílẹ̀ ń fi 46 ránṣẹ́, 42 nìkan ló sì sọ fún géèmù. A fi 46 kún un, a yẹ etí snare wò, òun náà ní nọ́ńbà tiẹ̀, a fi kún un. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sunkún lag, ìdajì ẹkún ẹ̀ nọ́ńbà tí wọn ò fi sí i ni. Ìlù tó bá pẹ́, á pẹ́ ní gbogbo ìgbà. Èyí tó bá ń dé nígbà míì tí kì í dé nígbà míì, ibòmíì ni kẹ́ ẹ wò.

Nǹkan kan ṣì kù tó ń dà á láàmú, ó ní òun ń gbọ́ snare méjì, tòun àti tẹnìkan. Òótọ́ ni, tòun àti ti onílù tó lù ú nínú orin náà. Ọ̀pọ̀ orin tí wọ́n ṣe fún géèmù yìí ní fáìlì ọ̀tọ̀ fún dírọ́ọ̀mù, ọ̀tọ̀ fún gìtá, ọ̀tọ̀ fún orin ẹnu, ẹ lè fa ti dírọ́ọ̀mù wálẹ̀ pátápátá nínú settings kó jẹ́ ìlù tiyín nìkan lẹ máa gbọ́. Àwọn míì sì wà tó jẹ́ fáìlì kan ṣoṣo ni gbogbo ẹ̀, kò sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ yọ dírọ́ọ̀mù kúrò nínú ẹ̀. Ó kó àwọn tó ní fáìlì ọ̀tọ̀ sọ́tọ̀ fún ìgbà tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ gidi, èyí tó kù ó fi ń ṣeré. Èmi fẹ́ràn pé kó máa gbọ́ ìlù ara ẹ̀ nìkan, torí ìgbà yẹn ló tó máa gbọ́ ibi tóun ti sáré.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò yí padà lọ́jọ́ kan. Ọwọ́ tó ti kọ́ ìwà máa ń pẹ́ kó tó gbàgbé. Ó ń lo mẹ́tírónóòmù, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ka àkókò orin, pẹ̀lú module nílé láìsí géèmù rárá ní àárọ̀, géèmù wá di ti ìrọ̀lẹ́, díẹ̀díẹ̀ ègbè bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Olórí àkọrin ò sọ nǹkan kan, kò kàn wẹ̀yìn wo ìdí dírọ́ọ̀mù mọ́ ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bá èèyàn tún irú nǹkan báyìí ṣe, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan settings, ẹ bi ẹni náà pé ṣé orin ló ń pẹ́ ni àbí ohùn ọwọ́ ara ẹ̀. Tí kò bá lè sọ, ẹ ní kó pa géèmù, kó lu snare lásán. Tó bá ṣì pẹ́, géèmù ò mọwọ́ mẹsẹ̀, ẹ gbé fóònù síbẹ̀ kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n, kẹ́ ẹ sì wọ̀n ọ́n lẹ́yìn nǹkan kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ bá yí, ẹ má yí méjì pọ̀. Tí kò bá pẹ́ mọ́ nígbà tí géèmù ti kú, calibration ló kàn. Ẹni tó ń lo console, ìyẹn ẹ̀rọ géèmù tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n, náà, ọ̀nà kan náà ni: hẹ́ẹ̀dùfóònù nínú module, wáyà láti ihò ohùn tẹlifíṣọ̀n wọ MIX IN, Game Mode ní títàn. Lára àwọn module míì AUX IN ni wọ́n kọ síbẹ̀. Tí ti ẹnì kan ò bá ní èyíkéyìí nínú méjèèjì, mixer kékeré oníhò mẹ́rin, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń po ohùn pọ̀, ti tó, module sí apá kan, laptop sí apá kejì, hẹ́ẹ̀dùfóònù sídìí mixer.